Báwo lẹ ṣe ń dá receiver tó máa ṣe é ní NFL mọ̀ kí draft tó dé?

Àkàndé Houston:
Ẹ kú àárọ̀ o, ará ilé. Ẹ gbà mí. Níbi iṣẹ́ wa níbí, àwa méjìlá la máa ń díje lọ́dọọdún. Kí draft NFL tó dé lóṣù kẹrin, ìyẹn ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì football Amẹ́ríkà máa ń yan ọmọ tuntun ní ẹni tẹ̀ lé ẹni, oníkálukú á kọ orúkọ receiver mẹ́ta (àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù) tó ń bọ̀ láti yunifásítì sílẹ̀. Tí sáà àkọ́kọ́ wọn bá parí, a ó ro yáàdì tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà pọ̀, ìyẹn bí wọ́n ṣe gbé bọ́ọ̀lù jìnnà síwájú tó. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló ń ra àsun fún gbogbo wa. Láti 2017 tá a ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti ra ewúrẹ́.

Ìbàdàn ni mo dàgbà sí. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni mo mọ̀, Shooting Stars ló sì kọ́ mi ní sùúrù. Ti àwọn ará ibí, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá lọ tí wọ́n sì ń pè ní football, ojú mi kò tíì là sí i dáadáa. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní ni pé mo máa ń dúró de ìdánwò Combine ní Indianapolis, mo máa ń wo ẹni tó sá yáàdì 40 yá jù, mo sì máa ń kọ orúkọ rẹ̀. Ní 2017, John Ross sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 4.22. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó tíì sá a bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Bengals mú un ní ipò kẹsàn-án nínú draft, mo ń jó. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, kò gba bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí lẹ máa ń wò?

Ọmọ Ẹkùn:
Ẹ̀gbọ́n, kí n tó dáhùn: ibo lẹ ti ń jẹ àsun yìí, ṣé ẹ ń gba àlejò?

Kọ́ọ̀ṣì Làmídì, Dallas:
Àkàndé, o káre tó o béèrè. Ọdún 11 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama níṣẹ́ corner, ìyẹn àwọn tá a fi ń ṣọ́ receiver. Ojú ẹni tí wọ́n ń sá mọ́ lọ́wọ́ ni mo fi ń wo nǹkan yìí.

Yáàdì 40 yẹn, ta ló dúró níwájú rẹ̀ nígbà tó ń sá a? Kò sẹ́nì kankan. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, ilẹ̀ tẹ́jú, òun fúnra rẹ̀ ló yan ìgbà tó máa gbéra. Lórí pápá, ọkùnrin kan dúró lé e láyà, ó fẹ́ ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ ní igbá àyà kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Eré tí receiver fẹ́ sá, ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń sọ bóyá yóò rí i sá.

Nígbà tí mo bá ń wo ọmọ kan, n kì í wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ ni mò ń wò nígbà tí corner bá sún mọ́ ọn. Ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi èjìká tan èèyàn lọ sí ọ̀tún kí wọ́n tó gba òsì? Ṣé ó ń gbá ọwọ́ corner dànù, àbí ńṣe ló ń dúró kí wọ́n dì í mú? Nígbà tó bá fẹ́ yà, ṣé ó máa ń fara sílẹ̀ bíi dánfó tó rí èrò lẹ́bàá títì, tàbí ó máa ń yà lójijì lórí eré kan náà? Ẹni tó bá ń dín eré kù kó tó yà ti tú àṣírí ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀: tí ìró ẹsẹ̀ bá ti ń ya kíkan-kíkan, ó ti fẹ́ yà nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ní yunifásítì, corner púpọ̀ kì í dúró lé receiver láyà. Wọ́n á fà sẹ́yìn ní yáàdì méje, mẹ́jọ, wọ́n á jẹ́ kó gbéra bó ṣe wù ú. Ọmọ lè gba yáàdì 1,200 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àyà rẹ̀ dáadáa. Torí náà, wá eré tó ti pàdé corner gidi. Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ sàn ju mẹ́wàá tó fi na àwọn aláìlágbára.

Cooper Kupp sá yáàdì 40 ní 4.62. Eastern Washington ló ti wá, ilé ẹ̀kọ́ tí kò sí lára àwọn ìpele gíga. Ẹni 69 ni nínú draft 2017. Ní 2021 ó gba bọ́ọ̀lù 145 fún yáàdì 1,947 àti touchdown 16, ìyẹn ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé òpin pápá fún àmì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló ṣíwájú gbogbo NFL. John Ross tí o kọ sílẹ̀, draft kan náà ni.

Àkàndé Houston:
Háà. Kọ́ọ̀ṣì, ẹ fọ́ mi lójú.

Oníṣirò Maryland:
Ẹ kú iṣẹ́, Kọ́ọ̀ṣì. N kò jiyàn, àmọ́ ojú náà máa ń parọ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀. Nínú fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n gé pọ̀, gbogbo receiver ni Jerry Rice, àgbà receiver ayé àtijọ́. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé.

Kì í ṣe àpapọ̀ yáàdì ni mò ń wò o. Nínú gbogbo yáàdì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bọ́ọ̀lù jíjù gbà, mélòó ni tirẹ̀? Ẹni tó gba 900 nínú ẹgbẹ́ tó gba 2,200 ṣiṣẹ́ ju ẹni tó gba 1,100 nínú ẹgbẹ́ tó gba 4,500. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ gbójú lé e? Ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Ọmọ ọdún 18 tó ń na àwọn ọmọ ọdún 22, ẹ fọkàn sí i. Ọmọ ọdún 22 tó ń na àwọn ọmọ ọdún 18, ẹ rọra. Amari Cooper gba yáàdì 1,000 géérégé ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Alabama, 2012. Raiders mú un ní ipò kẹrin ní 2015. Lọ́dún yẹn kan náà, Bears mú Kevin White ní ipò keje. Ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ ní West Virginia ni ariwo rẹ̀ tó ta: bọ́ọ̀lù 109, yáàdì 1,447, ó sì ti pé ọdún 22. Ó sá yáàdì 40 ní 4.35. Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ká ní ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, mo mọ orúkọ tẹ́ ẹ máa kọ.

Ẹ tún yọ screen kúrò. Ìyẹn bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń jù sí receiver lẹ́yìn ìlà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa dínà fún un níwájú. Yáàdì ni lóòótọ́, àmọ́ kò já kúrò lára ẹnikẹ́ni kó tó gbà á. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìdá mẹ́ta bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbà ni screen.

Dókítà Ẹsẹ̀:
Ẹ má fi Kevin White ṣe ẹlẹ́yà, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mò ń ṣe, irú wọn ni mò ń rí. Eegun ojúgun rẹ̀ ló sán, kò ṣeré rárá ní sáà àkọ́kọ́. Ọdún kejì, ẹsẹ̀ kan náà tún ṣẹ́. Ọdún kẹta, eegun èjìká. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ì bá dà.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ní Indianapolis, yàrá dókítà ṣe pàtàkì sí àwọn ẹgbẹ́ ju ibi ìsáré lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ 32 ló ń rán dókítà wọn lọ yẹ orúnkún, èjìká àti ìbàdí àwọn ọmọ náà wò. Àwa kì í rí èsì rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọmọ tí gbogbo ayé ń yìn bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ láì nídìí, ẹ fura. Ẹ lọ wo iye eré tí kò ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì wo ohun tó ṣe é. Ẹsẹ̀ tó rọ́ lẹ́ẹ̀kan kò já mọ́ nǹkan. Iṣan ẹ̀yìn itan tó ń padà wá lọ́dọọdún, ẹ̀rù ìyẹn máa ń bà mí.

Ẹ má sì jẹ́ kí tírín-ín-tírín nìkan lé yín sá. DeVonta Smith wọ̀n tó páùn-ún 166. Àwọn èèyàn ní wọ́n máa dá a sí méjì. Ó gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù ní yunifásítì, ní 2020 ní Alabama, Eagles mú un ní ipò kẹwàá, ó sì ń bẹ láàyè.

Ìyá Ìbejì Columbus:
Oníṣirò, ọmọ mi, má fi ìwé rẹ pa ọmọ ọlọ́mọ.

Columbus la ń gbé, eré Ohio State kì í kọjá wa. Ní 2021, Garrett Wilson, Chris Olave àti Jaxon Smith-Njigba ló ń gba bọ́ọ̀lù níbí lẹ́ẹ̀kan náà. Marvin Harrison Jr. ń dúró de ààyè lẹ́yìn wọn. Nínú ilé báyẹn, ta ló máa rí ìdajì ìkòkò jẹ? Smith-Njigba gba yáàdì 1,606 lọ́dún yẹn, àwọn méjì tó kù bọ́ sí ipò 10 àti 11 nínú draft 2022. Nígbà tí ààyè wá ṣí sílẹ̀ fún un, iṣan ẹ̀yìn itan dá a dúró, eré mẹ́ta péré ló ṣe. Ìwé máa ní ó ti rẹ̀yìn. Àwa tá a rí i nígbà tí ara rẹ̀ dá mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe ìṣesẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó tún dùn mí jù ni Terry McLaurin. Ní 2018, bọ́ọ̀lù 35 péré ló gbà níbí. Ìwé rẹ á ti fi pupa fà á: ó dàgbà, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n 11 nínú 35 yẹn ló di touchdown. Tí wọ́n bá sì ta bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀ bí àrá. Ọkọ mi máa ń sọ pé ẹni tó bá ń sáré báyẹn fún iṣẹ́ tí kò ní orúkọ, wúlò. Washington mú un ní ipò 76, ó gba yáàdì 919 ní sáà àkọ́kọ́.

Oníṣirò Maryland:
Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi ju ìyẹn lọ: N'Keal Harry.

Draft 2019 yẹn gan-an ni. Arizona State ló ti wá. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé mi ló ní. Láti ọdún àkọ́kọ́ ló ti ń gba bọ́ọ̀lù, ọdún kejì àti ìkẹta ó kọjá yáàdì 1,000. Ọjọ́ orí pé, ìpín pé. Patriots mú un ní ipò 32, òun sì ni receiver àkọ́kọ́ tí Bill Belichick máa mú ní ìpele kìíní níbẹ̀. Mo fi í sí òkè pátápátá. Ní sáà àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù 12, yáàdì 105. Àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Deebo Samuel ní 36, A.J. Brown ní 51, DK Metcalf ní 64, McLaurin màmá ní 76. Ọdún kan gbáko ni n kò fi lè sọ̀rọ̀ receiver níwájú èèyàn.

Kọ́ọ̀ṣì Làmídì, Dallas:
Oníṣirò, èèyàn dáadáa ni ọ́ tó o lè sọ ìyẹn síta. Jẹ́ ká dúró sórí Harry díẹ̀, torí òun gan-an ni ẹ̀kọ́ tí Àkàndé ń wá.

Tẹ́ ẹ bá padà wo àwọn fídíò rẹ̀ ní Arizona State, ẹ máa rí i tó ń fò, tó ń já bọ́ọ̀lù gbà lórí corner, tí pápá ń hó yèè. Ó rẹwà. Ìbéèrè tèmi ni pé: kí ló dé tí corner fi wà níbẹ̀? Ẹni tó bá ti já kúrò lára corner kò ní máa bá a du bọ́ọ̀lù. Ní yunifásítì, corner tó ń bá a du é lè jẹ́ ọmọ kékeré tó máa di akáǹtáńtì lọ́dún tó ń bọ̀. Ní NFL, corner yẹn ga tó o, ó lágbára tó o, ó sì ti wo fídíò rẹ fún ọjọ́ mẹ́fà. JJ Arcega-Whiteside láti Stanford, ipò 57, irú kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá ń ka iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ kan fi agbára já gbà, ẹ ka iye ìgbà tó jẹ́ pé dandan ni kó já a gbà pẹ̀lú.

A.J. Brown kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín pápá ni wọ́n ń fi sí jù ní Ole Miss, àwọn kan sì ní kò lè dúró létí. Ẹ wo ohun tó ń ṣe tó bá ti gba bọ́ọ̀lù: ẹni kan kì í lè gbé e lulẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú aago kankan.

Ṣùgbọ́n mi ò ní ká ju aago dànù o. Metcalf, ẹlẹgbẹ́ Brown ní Ole Miss, wọ̀n tó páùn-ún 228, ó sì sá 4.33. Ẹni tó tóbi tó ìyẹn kò gbọ́dọ̀ lè sá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá dé ibi tí wọ́n ń yí kóònù mẹ́ta po, 7.38 ló ṣe, ó lọ́ra. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, wọ́n ní kò lè yà. Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹni tó ń yà bí ejò. Seahawks kò sọ pé kó yà. Wọ́n ní kó sáré lọ tààrà, kó gba ti àárín kúkúrú, ó sì gba yáàdì 900 géérégé ní sáà àkọ́kọ́. Receiver kò nílò gbogbo ẹ̀bùn. Ó nílò ọ̀kan tí corner kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Ẹkùn:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń sọ pé "yà", "ti àárín". Ojú ọ̀nà, ìyẹn ipa, mélòó gan-an ni receiver ń sá?

Kọ́ọ̀ṣì Làmídì, Dallas:
Wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà láti 1 dé 9. Nọ́ńbà tó bá ṣẹ́kù ọ̀kan tá a bá pín in sí méjì, bíi 3, 5, 7, ó ń yà lọ sí etí pápá. Èyí tó bá pín dọ́gba, bíi 2, 6, 8, ó ń yà wọ àárín. 9 kò yà síbì kankan, eré tààrà ni. Àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì kan wà tó jẹ́ pé mẹ́ta, mẹ́rin péré nínú rẹ̀ ni ọmọ wọn ń sá. Corey Coleman gba àmì ẹ̀yẹ Biletnikoff, ti receiver tó dára jù ní yunifásítì, ní 2015 ní Baylor, touchdown 20. Ẹ̀yà eré tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, tí bọ́ọ̀lù kò bá ní wá sí apá rẹ, o lè rọra máa rìn. Browns mú un ní ipò 15, kí wọ́n tó mú receiver mìíràn lọ́dún yẹn. Michael Thomas ti Ohio State jókòó títí di ipò 47, ní 2019 ó gba bọ́ọ̀lù 149, kò sẹ́ni tó tíì gba tó bẹ́ẹ̀ rí ní sáà kan.

Nítorí náà, Àkàndé, mú bírò. Ka oríṣi ipa tí ọmọ náà sá nínú eré kan. Tí ó bá jẹ́ mẹ́ta, fi àmì ìbéèrè sí i, kì í ṣe pé kí o pa á rẹ́.

Ìyá Ìbejì Columbus:
Ṣé ẹ rí i bí Kọ́ọ̀ṣì ṣe fi Ohio State gbè mí lẹ́sẹ̀? Ẹ ṣé o.

Adéwọlé Peckham:
Ẹ kú ọ̀gànjọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ń wo eré yìí lọ́sàn-án, àwa ń wò ó nígbà táwọn àjẹ́ ń padà bọ̀ láti ìpàdé. Ìbéèrè mi: bọ́ọ̀lù tó ń já bọ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Lójú tèmi, iṣẹ́ receiver ni kó gba bọ́ọ̀lù. Mo rántí Nelson Agholor tí wọ́n bí ní Èkó. Àwọn ará Philadelphia fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ láàyè nítorí bọ́ọ̀lù tó ń jábọ́.

Kọ́ọ̀ṣì Làmídì, Dallas:
Àwọn ará Philadelphia yẹn kan náà ló jó nígbà tó gba bọ́ọ̀lù 9 fún yáàdì 84 nínú Super Bowl, àṣekágbá NFL, tí wọ́n fi na Patriots ní February 2018.

Jíjábọ́ máa ń dùn wá lójú torí pé a rí i. Àwọn ìgbà tí ọmọ kò tilẹ̀ já kúrò lára corner, tí wọn kò ju bọ́ọ̀lù sí i rárá, a kì í rí ìyẹn. Ja'Marr Chase kò ṣeré ní 2020, ó jókòó. Nígbà tó dé Bengals ní 2021, bọ́ọ̀lù ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ti NFL kò ní ìlà funfun tí ti yunifásítì ní. Ayé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó parí sáà náà pẹ̀lú yáàdì 1,455. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni ọmọ fi ń gbà á, níwájú ara, tí ọ̀kan wá jábọ́ nítorí pé ó ti ń wo ibi tó máa sá sí, n kò ní bẹ̀rù. Ẹni tó ń fi àyà mọ́ bọ́ọ̀lù bí ẹni gbé ọmọ tuntun, òun ni mo ń bẹ̀rù fún, torí corner NFL á ti ki ọwọ́ bọ àárín.

Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà létí pápá. Ní yunifásítì, ẹsẹ̀ kan nínú ìlà ti tó. Ní NFL, méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Tí o bá rí ọmọ yunifásítì tó ń fa ẹsẹ̀ kejì wọlé nígbà tí òfin kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, fi ìràwọ̀ sí orúkọ rẹ̀.

Oníṣirò Maryland:
Ẹ fi èyí kún un: àwọn ìlà kéékèèké àárín pápá, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ti yunifásítì jìnnà síra, ẹsẹ̀ bàtà 40. Ti NFL, ẹsẹ̀ bàtà 18 àti ínǹṣì 6. Ìdí nìyẹn tí apá kan pápá fi máa ń gbòòrò bí ọjà Bódìjà lójú yín ní ọjọ́ Sátidé. Receiver tó ń sá sí apá gbòòrò yẹn nìkan, ilẹ̀ rẹ̀ á sún kì.

Ọmọ Ẹkùn:
Ṣé kò wá sí ọmọ wa tí mo lè kọ orúkọ rẹ̀ nítorí orúkọ?

Adéwọlé Peckham:
Olamide Zaccheaus wà. Virginia ló ti wá ní 2019, ẹgbẹ́ kankan kò mú un nínú draft. Falcons gbà á wọlé lẹ́yìn náà. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbà ní NFL, yáàdì 93, touchdown.

Ọmọ Ẹkùn:
Ọlá mi dé lóòótọ́.

Àkàndé Houston:
Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ní 2020 mo kọ Henry Ruggs, 4.27, òun ni receiver àkọ́kọ́ tí wọ́n mú. Ọ̀gá wa kọ Justin Jefferson, ó sì jẹ ẹran mi. Kí ló rí tí èmi kò rí?

Ìyá Ìbejì Columbus:
Ti Ruggs, ohun mìíràn ló ba ayé rẹ̀ jẹ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Kọ́ọ̀ṣì Làmídì, Dallas:
Jefferson gba bọ́ọ̀lù 111 fún yunifásítì LSU ní 2019, yáàdì 1,540. Àwọn tó ń tako Jefferson ní àwíjàre mẹ́ta. Wọ́n ní àárín ni wọ́n ń fi sí, kò ní lè dúró létí. Wọ́n ní Joe Burrow ló ń jù ú sí i, ẹni tó ju touchdown 60 lọ́dún yẹn, ta ni kò ní gbà á? Wọ́n ní Chase ni àwọn corner tó dára ń bá wọ̀yá, òun ń jẹ èyí tó kù. Receiver mẹ́rin jáde ṣáájú rẹ̀. Eagles mú Jalen Reagor ní 21, Vikings mú Jefferson ní 22, yáàdì 1,400 ní sáà àkọ́kọ́.

Àwíjàre mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe irọ́ o. Terrace Marshall náà wà nínú ẹgbẹ́ LSU yẹn, pẹ̀lú Burrow kan náà, Panthers mú un ní 59 ní 2021, kò dé ibì kankan. Torí náà, Burrow kò lè jẹ́ ìdáhùn sí ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èmi máa ń ṣe báyìí: mo máa ń bo quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, mọ́lẹ̀. Mo máa ń dá fídíò dúró kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa ń béèrè pé, ní báyìí, ṣé receiver yìí ti já? Jefferson máa ń ti já. Ìbàdí rẹ̀ máa ń purọ́ fún corner, orí rẹ̀ á wo ibì kan, ẹsẹ̀ á lọ síbòmíràn. Ibi tí wọ́n fi í sí kò yí ìyẹn padà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè wò ni ilé tí wọ́n máa gbé e lọ. Ní 2024, Marvin Harrison Jr. lọ ní ipò kẹrin, gbogbo wa la gbà pé òun ni. Yáàdì 885. Brian Thomas Jr. lọ ní 23, yáàdì 1,282. Ladd McConkey lọ ní 34, yáàdì 1,149. Malik Nabers nìkan ló bá ibi tí bọ́ọ̀lù jíjù kò ti gún pàdé ní Giants, tó sì tún gba 109 fún 1,204.

Dókítà Ẹsẹ̀:
Puka Nacua náà ńkọ́? Ara rẹ̀ kò dá ní yunifásítì BYU, 2022 ó gba bọ́ọ̀lù 48 péré. Ìyẹn náà wà lára ohun tó sún un dé ipò 177. Rams wá fún un ní bọ́ọ̀lù, yáàdì 1,486, èyí tó ga jù tí ọmọ tuntun gbà rí.

Adéwọlé Peckham:
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí wọn níbi tí corner kò ti lè sá fún wọn, ẹ wo ìdánrawò ọ̀sẹ̀ Senior Bowl ní Mobile, Alabama, eré tí àwọn ọmọ yunifásítì tó ń lọ draft máa ń ṣe. Ẹni kan sí ẹni kan ni, kò sí olùrànlọ́wọ́. McLaurin àti Deebo Samuel wà níbẹ̀ ní 2019. Ìdánrawò o, kì í ṣe eré fúnra rẹ̀. Eré Sátidé yẹn, kò sẹ́ni tó ń rántí.

Kọ́ọ̀ṣì Làmídì, Dallas:
Òótọ́ ni. Ẹ kàn rántí pé ó nira fún corner níbẹ̀, pápá tóbi jù fún òun nìkan. Receiver tó bá tún kùnà nínú ìyẹn, ẹ má gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Àkàndé Houston:
Ẹ kú alẹ́. Mo ti ṣe é. Mo ra ẹ̀pà, mo lé àwọn ọmọ lọ sùn, mo wo eré mẹ́ta ọmọ kan tó ń ṣeré fún ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ní Texas. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo fura pé ọ̀gá wa ń ka ibí yìí.

Nínú eré tó ti pàdé ẹgbẹ́ tó lágbára jù, ó gba yáàdì 131. Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni mi ò bá ti kọ orúkọ rẹ̀. Mo wá yọ screen kúrò bí Oníṣirò ṣe wí: 52 ló kù. Mo ka oríṣi ipa tó sá: márùn-ún. Ìgbà 9 ni corner dúró lé e láyà. Ìgbà 4 ó já pátápátá. Ìgbà 3 wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kàn. Ìgbà 2, kámẹ́rà tẹ̀ lé quarterback, n kò rí i mọ́. Ó fa ẹsẹ̀ kejì wọlé létí pápá lẹ́ẹ̀kan, mo fò sókè, ìyàwó mi ní kí ló ṣe mí.

Kọ́ọ̀ṣì Làmídì, Dallas:
O kú iṣẹ́ gidi. Ìgbà 3 tí wọ́n dì í mú yẹn, ṣé corner kan náà ni?

Àkàndé Houston:
Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n padà lọ wò ó.

Àkàndé Houston:
Ọ̀kan náà ni. Ọmọ gíga kan, nọ́ńbà 2. Mẹ́rin tó já yẹn, àwọn corner yòókù ló ṣe é fún.

Kọ́ọ̀ṣì Làmídì, Dallas:
Wá eré tí nọ́ńbà 2 yẹn ti pàdé àwọn receiver mìíràn. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń dì mú báyẹn, ọmọ rẹ kò burú. Tó bá jẹ́ òun nìkan ni kò rí ibi gbà, fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀, má fi bírò.

Àkàndé Houston:
Ẹ̀pà mìíràn nìyẹn. Mo ń bọ̀.